Ásì Méjì Níwájú Ẹni Mẹ́ta

Apá kan ọ̀yà náà ti jóná, ó dúdú bí ìsàlẹ̀ ìkòkò. Apá kejì ṣì rọ̀, ẹ̀jẹ̀ sì wà lára rẹ̀. Àpọ̀kẹ́ fi igi yí i padà lórí àwọ̀n irin tó wà lórí ààrò, ó gbọn eèrà dànù, ó tún yí i padà, ó wá dúró bí ẹni tí wọ́n bá sọ̀rọ̀ tí kò gbọ́ dáadáa.

"Ọ̀yà ò jóná báyìí rí nínú ilé yìí," ó ní.

Bàbá Ògúnsanwó tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ mí kanlẹ̀. "Báwo ni kò ṣe ní jóná, ọmọ mi? Ẹni tó yẹ kó wà nídìí iná wà nínú yàrá mi, ó ń gbé àpótí."

Jandáámù ni Àpọ̀kẹ́, ọlọ́pàá ológun; oyè rẹ̀, àdíjúdáǹ, ni wọ́n fi ń pè é níbi iṣẹ́, àwọn ọkùnrin sì ń dìde tó bá wọlé. Ṣùgbọ́n tó bá ti wọ ọgbà yìí, ọmọ kékeré ló máa ń dà. Orí òkè yìí ní Atakpamé ni wọ́n bí i sí, ilé kejì sí ti Bàbá. Nígbà tí àìsàn ẹsẹ̀ ò jẹ́ kó lè lọ sílé ẹ̀kọ́, Bàbá Ògúnsanwó, tó ń ṣiṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ nígbà náà, ló jókòó tì í ní fàráńdà iwájú, tó di ọwọ́ rẹ̀ mú mọ́ gègé títí ó fi mọ̀wé kọ. Nígbà tó mọ̀wé tán, Bàbá kọ́ ọ ní pókà, eré káàdì.

Àná, ọjọ́ Àìkú, ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Bàbá àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta wà ní fàráńdà, wọ́n ń ta pókà bí wọ́n ṣe máa ń ta á lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, hóró àgbàdo ni wọ́n sì fi ń ta á. Nígbà tí wọ́n máa dìde ní ìrọ̀lẹ́, àpótí irin ìdílé ti pòórá lábẹ́ ibùsùn Bàbá. Gèlè Bùsáyọ̀ ni wọ́n bá nílẹ̀ níbẹ̀. Bùsáyọ̀ ni ìyàwó Vincent, àbúrò Bàbá tó kú lọ́dún tó kọjá, òun ló sì ń dáná ilé. Kí oòrùn tó wọ̀ ó ti wà ní àtìmọ́lé, tòun tọmọ tó ń mu ọmú. Aago mẹ́ta ọ̀sán òní ni ọkọ̀ yóò gbé wọn lọ síwájú adájọ́, gbogbo ẹni tó bá sì ti bá ọkọ̀ yẹn lọ, ẹ̀wọ̀n ni wọ́n ti ń kí i.

Àpọ̀kẹ́ wo aago ọwọ́ rẹ̀. Aago mẹ́sàn-án ti kọjá.

"Bàbá, kí ni ẹ tún sọ pé ó wà nínú àpótí náà?"

"Ṣebí ìwọ lo kọ ọ́ sílẹ̀. Iyùn ìyá wa, òrùka wọn, àti aago àpò bàbá wa."

"Kò sí nǹkan mìíràn?"

"Kò sí o."

*

Bùsáyọ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní àtìmọ́lé, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ọmọ wà lọ́mú rẹ̀. Ojú rẹ̀ ti wú. Nígbà tó rí Àpọ̀kẹ́, ó fẹ́ dìde, ọmọ sì kérora, ó tún jókòó.

"Tàǹtí, omi ni mo lọ pọn. Mo ti sọ ọ́ títí ẹnu ń dùn mí."

"Aago mélòó?"

"Mẹ́rin. Aago mẹ́rin ni ẹ̀rọ ìsàlẹ̀ òkè máa ń yọ omi lọ́jọ́ Àìkú. Tí èèyàn bá pẹ́, ó di ọ̀la. Gbogbo ilé ló mọ̀ pé mi ò sí nílé lásìkò yẹn."

"Gèlè rẹ ńkọ́?"

"Láti Ọjọ́bọ̀ ni mo ti ń wá a. Orí okùn ni mo sá a sí. Tàǹtí, ṣé ẹni tó ń jalè máa ń tú gèlè sílẹ̀ kó tó gbé ẹrù?"

Àpọ̀kẹ́ lóṣòó níwájú rẹ̀. "Ta ló yẹ kó yí ẹran?"

Bùsáyọ̀ wò ó bí ẹni tí wọ́n bi ní orúkọ ara rẹ̀. "Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá kọ́kọ́ sọ káàdì sílẹ̀ ni. Bàbá ò jẹ́ kí n fọwọ́ kan ọ̀yà ọjọ́ Àìkú. Wọ́n ní iyọ̀ mi pọ̀ jù, pé mo fẹ́ fi ẹ̀jẹ̀ ríru pa wọ́n." Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ò jáde.

Òfin tábìlì yẹn ti wà kí wọ́n tó bí Bùsáyọ̀. Bí hóró tí ẹnì kan sọ bá pọ̀ jù fún èèyàn, ó lè sọ káàdì rẹ̀ sílẹ̀ kó jáde nínú eré. Ẹni tí káàdì bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ ò gbọdọ̀ dìde. Ẹni tó bá kọ́kọ́ sọ tirẹ̀ sílẹ̀ á gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ sí ẹ̀yìnkùlé, á yí ẹran, á sì padà wá wo bí àwọn tó kù yóò ṣe parí rẹ̀. Bàbá Ògúnsanwó fúnra rẹ̀ ló ṣòfin náà. Kí ló wá dé tó fi ní obìnrin ló yẹ kó wà nídìí iná?

Ọkàn Àpọ̀kẹ́ sáré wá àwáwí. Bàbá ti dàgbà. Wọ́n jí ẹrù ìyá rẹ̀. Èèyàn lè ṣi ọ̀rọ̀ sọ.

"Bùsáyọ̀, o mọ ohun tó wà nínú àpótí náà?"

"Iyùn, òrùka, aago. Àti ìwé ilẹ̀ Kamina."

"Ìwé wo?"

"Èyí tí Bàbá, Vincent àti ọmọ ìyá wọn méjì tó kù tẹ ìka sí. Vincent fi hàn mí kó tó kú. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹnì kan ò lè dá ilẹ̀ náà tà, pé ìpín ẹni tó bá kú, ti ọmọ rẹ̀ ni." Ó wo orí ọmọ tó wà láyà rẹ̀. "Òun nìkan ni ohun tí ọmọ yìí ní láyé. Ṣé èmi ni màá wá jí i?"

Ohun mẹ́ta ni Bàbá kà fún un láàárọ̀ yìí. Mẹ́ta ló kà lánàá pẹ̀lú, ọwọ́ ara rẹ̀ sì ni Àpọ̀kẹ́ fi kọ ọ́.

"Nǹkan kan ṣì kù," Bùsáyọ̀ sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́. "Bí mo ṣe ń gbé korobá sọ̀kalẹ̀, mo rí alùpùpù Elvis lẹ́yìn ògiri wa. Mo sọ fún àwọn tó mú mi, wọn ò kọ ọ́ sílẹ̀."

*

Elvis ni ó kéré jù nídìí tábìlì náà. Ó ń fi alùpùpù gbé èrò, kò sì tíì pé oṣù mẹ́ta tí wọ́n gbà á sí ẹgbẹ́ pókà. Ó wà lábẹ́ igi máńgòrò níbùdókọ̀, ó ń jẹ búrẹ́dì, nígbà tí Àpọ̀kẹ́ bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ níwájú rẹ̀.

"Ṣéèfù, ẹ káàárọ̀. Ṣé kò sí?"

"Ó wà. Kí ni alùpùpù rẹ ń wá lẹ́yìn ilé Bàbá lánàá?"

Búrẹ́dì dúró lágbedeméjì ọwọ́ àti ẹnu. "Tèmi?"

"Tìrẹ. Aṣọ pupa wà lórí ìjókòó rẹ̀, kò sí ẹlòmíì tó ní irú rẹ̀ nílùú yìí."

"Ṣéèfù, mo wà nídìí tábìlì. Ẹ wò ó, ẹ má bínú." Ó ti fa fóònù yọ. "Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo jẹ nídìí pókà nìyí. Mo yà á sílẹ̀ kí ìyá mi lè rí i."

Àwòrán náà mọ́ dáadáa. Aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógójì ló wà lórí rẹ̀. Káàdì márùn-ún wà láàárín tábìlì, méjì méjì sì wà níwájú olúkúlùkù, gbogbo wọn ti ṣí sókè.

"Ta ló wá gun alùpùpù rẹ?"

"Yannick. Awọnlẹ̀ yẹn, ará Akparé. Ó yá a lọ́wọ́ mi lọ́sàn-án, ó ní irinṣẹ́ òun wúwo, ilẹ̀ kan ní ìhà Kamina lòun fẹ́ lọ wọ̀n."

Àpọ̀kẹ́ dá a dúró. "Ilẹ̀ ta ni?"

"Mi ò bi í. Ṣé ó burú?"

Nígbà tí Àpọ̀kẹ́ pe ọ̀gá rẹ̀, inú ọ̀gá dùn. "Iṣẹ́ ti parí," ọ̀gá ní. "Awọnlẹ̀ ló gbé àpótí, obìnrin yẹn ló ṣílẹ̀kùn fún un. Mò ń rán ọkọ̀ lọ sí Akparé. Aago mẹ́ta kò yẹ̀."

Àṣé ohun tó rò pé yóò tú Bùsáyọ̀ sílẹ̀ ló tún fún okùn mọ́ ọn lọ́rùn.

Àpọ̀kẹ́ padà sábẹ́ igi máńgòrò, ó jókòó sórí pákó ti Elvis, ó gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó lọ́kàn. Ẹni tó bá fo ògiri yẹn gbọ́dọ̀ gba iwájú ààrò kọjá kó tó dé yàrá Bàbá. Gbogbo ilé ló mọ̀ pé Bùsáyọ̀ á lọ pọn omi laago mẹ́rin, ìyẹn ò ṣòro. Ṣùgbọ́n ìdí ààrò kì í ṣófo lọ́jọ́ Àìkú. Nídìí tábìlì Bàbá, kí èèyàn tó mutí tán nínú ife, ẹnì kan ti sọ káàdì sílẹ̀, ó ti wà lẹ́yìnkùlé pẹ̀lú igi lọ́wọ́. Kò sí olè tó máa fo ògiri bọ́ sírú ibẹ̀, àfi tí ẹnì kan bá ti fi í lọ́kàn balẹ̀ pé kò ní sí ẹni tó máa dìde.

Ó na àwòrán náà kó tóbi. Ó ka hóró àgbàdo tó wà láàárín. Ó tún un kà.

"Elvis, hóró mẹ́rìndínlógún péré lo jẹ?"

"Kì í ṣe péré, Ṣéèfù. Mo jẹ."

Ẹni mẹ́rin, ìgbà mẹ́rin tí èèyàn lè dá sí i, hóró kọ̀ọ̀kan. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sí ẹni tó fi hóró kún un. Kò sí ẹni tó sọ káàdì sílẹ̀. Ọ̀yà sì jóná.

"Ìwọ lo ní ọkàn pupa márùn-ún. Kí ló dé tí o ò sọ ọ́ kó wúwo níkẹyìn?"

Elvis họ orí. "Mi ò tètè rí i pé wọ́n pé márùn-ún. Bàbá Fájọbí ló kà á fún mi."

Elvis yìí ni ẹni tí Àpọ̀kẹ́ ti ń fura sí láti òwúrọ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín.

*

Fájọbí káfíńtà ń fá pákó nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ọ̀rẹ́ Bàbá ni láti ìgbà ọ̀dọ́, eruku igi sì kún irùngbọ̀n rẹ̀. Dúrósinmí, nọ́ọ̀sì tó jẹ́ ẹnì kẹrin wọn, wà níbẹ̀ tó ń dúró de àga rẹ̀ tó ṣẹ́.

"Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ jọ̀ọ́," Àpọ̀kẹ́ ní, "kí ló dé tí ẹ kò sọ káàdì yín sílẹ̀ lánàá?"

"Fún hóró kan?" Fájọbí gbé irinṣẹ́ kalẹ̀. "Mẹ́wàá àti méje wà lọ́wọ́ mi, mẹ́sàn-án àti mẹ́jọ wà nílẹ̀. Mò ń retí Jaki tàbí mẹ́fà kí márùn-ún lè tẹ̀ lé ara wọn. Tí ẹnikẹ́ni bá sọ hóró ogún, kíá ni màá ti lọ yí ẹran. Ta ló ń sá fún hóró kan?"

"Èmi ò tilẹ̀ ní nǹkan kan lọ́wọ́," Dúrósinmí ní. "Ọba kan ṣoṣo. Mo dúró torí pé ó dínwó."

"Ta ló ń sọ hóró kan kan yẹn?"

Wọ́n wo ara wọn. "Bàbá," Fájọbí ní. "Ó ń sọ ọ́, ó sì ń pa ìtàn sí i. Ó sọ ìtàn lẹ́tà kan tó lọ sí Lomé lẹ́ẹ̀mẹ́ta tó tún padà wá. Káàdì mìíràn ò ní ṣí títí ìtàn á fi parí. Ó gbà tó wákàtí kan ku díẹ̀."

"Ẹ̀yin ò gbóòórùn ẹran?"

"Mo gbọ́ ọ," Dúrósinmí ní. "Mo ní ọ̀yà ń jó. Fájọbí ti ń dìde."

"Bàbá di ọwọ́ mi mú," Fájọbí ní. "Ó ní, 'Káàdì ṣì wà lọ́wọ́ ẹ. Òfin ni òfin.' Mo jókòó padà."

Àpọ̀kẹ́ tún wo fóònù Elvis. Ó ti rí ohun tó wà níbẹ̀. Láti ìṣẹ́jú tí Elvis ti nà án sí i ló ti rí i, ojú rẹ̀ ló ń yẹra fún un. Níwájú àga gíga tó wà lápá ọ̀tún, níbi tí ẹnì kan ṣoṣo ti máa ń jókòó, Ásì méjì ló wà, káàdì tó ju gbogbo káàdì lọ.

Àpọ̀kẹ́ ti fóònù náà bọ àpò, ó jáde.

*

Aago méjì ku díẹ̀ nígbà tó padà dé fàráńdà. Bàbá ń ka ìwé ìròyìn àtijọ́. Ó yọ awò ojú.

"Wọ́n ní ẹ ti rí awọnlẹ̀ kan mú. Mo mọ̀ pé ọwọ́ rẹ ò ní gbófo. Ta ló kọ́ ẹ?"

"Ẹ̀yin ni, Bàbá." Ó fa àga. Ó mú káàdì kúrò lórí fèrèsé, níbi tí wọ́n máa ń fi í sí. "Orí mi ń gbóná. Ẹ jẹ́ ká ta ẹyọ kan kí n tó lọ."

"Lónìí?"

"Ẹ kàn kọ́ mi lẹ́ẹ̀kan sí i, bíi ti ìgbà yẹn. Ásì méjì wà lọ́wọ́ mi." Ó gbé wọn kalẹ̀ síwájú Bàbá, ó ṣí wọn sókè. "Ẹni mẹ́ta dojú kọ mí." Ó ṣí mẹ́sàn-án ọlọ́kàn pupa, ó ṣí mẹ́jọ ọlọ́kàn pupa, ó ṣí méjì dúdú. "Kí ni kí n ṣe?"

Bàbá rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti ní kó kọ́ òun ní nǹkan. Ó fa àga rẹ̀ súnmọ́ tábìlì.

"Ọmọ ọdún méjìlá ni ẹ́ nígbà tí mo kọ́ ẹ lèyí. Sọ ọ́ kó wúwo. Ogún hóró, ó kéré tán."

"Kí nìdí? Ṣebí èmi ni mo wà níwájú."

"Ìwọ lo wà níwájú báyìí. Wo ilẹ̀." Ìka rẹ̀ gígùn tọ káàdì kọ̀ọ̀kan. "Ẹnì kan ń wá ọkàn pupa kan sí i. Ẹnì kan ń wá Jaki. Ẹnì kẹta ò ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n ọba méjì lè bọ́ sílẹ̀ fún un. Tó bá jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo lo dojú kọ, fún un láàyè, kó wá. Àmọ́ mẹ́ta? Bí ìkíní ò bá rí tiẹ̀, ìkejì á rí i. Ásì méjì ò lè dàgbà ju báyìí lọ, tiwọn ṣì ń dàgbà. Má ṣe jẹ́ kí wọ́n rí káàdì tó kàn lówó pọ́ọ́kú. Lé wọn dìde kúrò nídìí tábìlì."

"Tí mo bá wá sọ hóró kan ńkọ́? Tí mo tún sọ kan sí i, títí dé òpin?"

"Hà, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ pókà mọ́. Ìyẹn ni pé o fẹ́ kí gbogbo wọn jókòó..."

Ìka Bàbá dúró lórí káàdì.

Aṣọ ń fẹ́ lórí okùn. Ní ilé kejì, ẹnì kan ń gún nǹkan nínú odó, ó ń dúró, ó ń bẹ̀rẹ̀. Àpọ̀kẹ́ gbé fóònù Elvis kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ásì méjì náà.

"Hóró mẹ́rìndínlógún, Bàbá. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mò ń bẹ Ọlọ́run pé kí n ti ṣì í kà."

Bàbá wo àwòrán náà pẹ́. Lẹ́yìn náà ó mú Ásì méjì, ó dojú wọn dé, ó rọra tì wọ́n síwájú. Àpọ̀kẹ́ ò rí i rí kí ó sọ Ásì méjì sílẹ̀. Bàbá dìde. Kò sá. Ó gba ọ̀dẹ̀dẹ̀, bí olúkúlùkù wọn ṣe máa ń gbà á, Àpọ̀kẹ́ sì tẹ̀ lé e. Ó dúró nídìí ààrò tó ti kú, ó mú igi, ó yí ọ̀yà náà padà.

"Ilé epo ni àwọn tó fẹ́ ra ilẹ̀ Kamina fẹ́ kọ́ síbẹ̀," ó ní, ẹ̀yìn rẹ̀ ló kọ sí i. "Vincent ò gbà títí ó fi kú. Mo rò pé tí ìwé ò bá sí, èmi àgbà ni wọ́n máa gbọ́ tèmi. Ìwé náà wà lọ́dọ̀ Yannick. Mo ní kó má tíì sun ún."

"Gèlè ńkọ́?"

Igi náà dúró. "Mo rò pé wọ́n kàn máa lé e padà sílé àwọn òbí rẹ̀ ni. Mi ò mọ̀ pé wọ́n á mú ọmọ náà mọ́ ọn."

Ẹsẹ̀ Àpọ̀kẹ́ tó ti sàn láti ọdún pípẹ́ wá bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún bíi ti ìgbà èwe. Ó fẹ̀yìn ti ògiri. Ó pe ibi iṣẹ́. Aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún.

"Ẹ dá ọkọ̀ yẹn dúró. Ẹ ṣílẹ̀kùn fún Bùsáyọ̀. Mo ti rí ẹni tó ṣe é, ó wà lọ́dọ̀ mi. Ẹ fún un ní fóònù."

Ó gbọ́ ìró ẹsẹ̀, ó gbọ́ ìró kọ́kọ́rọ́. Lẹ́yìn náà ó gbọ́ èémí obìnrin náà.

"Tàǹtí? Wọ́n ní kí n máa lọ sílé. Ta ni?"

Àpọ̀kẹ́ wo ẹ̀yìn Bàbá, ó wo ọwọ́ tó di igi mú, ọwọ́ kan náà tó di tirẹ̀ mú mọ́ gègé.

"Tàǹtí, ẹ sọ fún mi. Ilé náà ni mò ń padà sí. Ta ni?"

Àpọ̀kẹ́ rìn dé ìdí ààrò, ó sì na fóònù sí Bàbá. Bàbá wò ó, bí ẹni pé kó bá òun mú un kúrò. Àpọ̀kẹ́ ò mú un kúrò. Nígbà tó yá, Bàbá gbé igi kalẹ̀, ó nu eérú ọwọ́ rẹ̀ sára ṣòkòtò, ó gba fóònù.

"Ìyàwó wa," ó ní. "Èmi ni mo ní kí wọ́n gbé àpótí náà."

Lódìkejì fóònù, ìró ọmọ tó ń mu ọmú nìkan ni wọ́n ń gbọ́.